Gíláàsì Ara Ògiri

Gíláàsì náà ti là. Ọ̀gá Kékeré dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, báàgì ilé-ìwé ṣì wà léjìká rẹ̀, ó tẹjú mọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Kò là púpọ̀. Ìlà tín-ín-rín kan ló gba àárín gíláàsì náà kọjá, ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé irun orí ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọ onígíláàsì ni, ta ni yóò wá fi gíláàsì tàn án jẹ? Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò. Apá òsì sún, apá ọ̀tún kò sún. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn.

Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀gá Kékeré o. Bàbá rẹ̀ ló ní ṣọ́ọ̀bù ní ìsàlẹ̀ ilé wọn, níbi tó ti ń gé gíláàsì fèrèsé àti ti férémù àwòrán. Láti ìgbà tí ọmọ náà kò tíì ga tó tábìlì ló ti ń gba ọ̀bẹ gíláàsì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé tó béèrè pé ọ̀gá dà, bàbá á nawọ́ sí ọmọ, á ní, “Ọ̀gá kékeré rèé, ẹ bá a sọ̀rọ̀.” Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Àwàdà yẹn lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi dé kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé girama, tí ìdánwò àṣejáde ti ń kanlẹ̀kùn, tí àdúgbò kò sì rántí pé ó ní orúkọ mìíràn mọ́.

Àdúgbò náà ti gbó. Ògiri àwọn ilé ibẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé kó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò láìjábọ́. Ọ̀nà wọn tóóró, gọ́tà wọn ti dí, òrùlé wọn ń jò, síbẹ̀ àwọn àlejò máa ń wá láti ibi jíjìn wá ya fọ́tò iwájú ilé wọn. Ó pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ pé òun máa tún ibẹ̀ ṣe, kò rí owó tó tó. Àwọn akọ́lé aládàáni náà ti ń yọjú sí i, àmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ akọ́lé kan wá fẹnu kò ni nǹkan tó yí. Ìjọba yóò ṣe ọ̀nà, gọ́tà àti omi ẹ̀rọ, yóò sì bójú tó ògiri tó bá ń yẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yóò tún òrùlé, fèrèsé àti iwájú ilé ṣe bó ṣe rí látijọ́, yóò sì máa gba owó àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí gbogbo rẹ̀ tó padà sọ́wọ́ onílé. Wọ́n ya àga kan sọ́tọ̀ nídìí tábìlì ìpàdé fún àwọn ará àdúgbò. Bàbá Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀, torí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ làwọn èèyàn sì máa ń gbà gbọ́. Òun ló lọ láti ilé dé ilé tó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ náà, obìnrin kan tí bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, wọ gbogbo ilé. Ibikíbi tí ògiri bá ti sán, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ gíláàsì pẹlẹbẹ kan dábùú ojú ibẹ̀, á sì fi yíǹkì pupa kọ nọ́ńbà ilé sí i. Ó ṣàlàyé pé gíláàsì kò lè fara da kí wọ́n fà á. Bí ògiri bá dúró, á dúró. Bí ògiri bá ń rìn, bó ti wù kó kéré tó, gíláàsì á là. Kí ẹni tí tiẹ̀ bá là tètè wá sọ fún òun ní ọ́fíìsì wọn ní ìpẹ̀kun òpópónà. Ó sọ ìyẹn tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ilé tí gíláàsì rẹ̀ bá là.

Agẹrun tó wà ní ìdojúkọ wọn ló bá a sọ èyí tó kù. Agẹrun yìí kò dé ìpàdé kankan rí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ ìpàdé tí kò mọ̀. Ó ní ilé tí gíláàsì rẹ̀ bá là, wọ́n á kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí àwọn fúláàtì tó wà lẹ́yìn ìlú, wọ́n á ní fúngbà díẹ̀ ni. “Ẹ sọ fún mi,” ó ń fi àbẹ sọ̀rọ̀ lókè orí oníbàárà, “ta lẹ ti rí tí wọ́n kó lọ fúngbà díẹ̀ tó padà wá?” Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn èèyàn ti ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé ara wọn, tí ìyá ń na ọmọ tó bá ṣílẹ̀kùn gbàù.

Ohun tí Ọ̀gá Kékeré ń rò nìyẹn bó ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, tí kò kúrò nínú ilé yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e ní ìyàwó wọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ilé-ìwé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá lu agogo ló ń gbọ́ láti inú yàrá, tí ìdánwò sì ti sún mọ́. Ìyá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, tó jẹ́ ilé yìí ló mọ̀ tó ń padà sí lóṣooṣù. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, mi ò mọ ohun tí mi ì bá ṣe.

Bàbá rẹ̀ ti lọ sí ìpàdé, Màmá Àgbà sì wà lẹ́yìnkùlé tó ń sá aṣọ. Ó sọ̀kalẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó wá àjákù gíláàsì tó tinrín bíi ti ẹnjiníà, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó fa ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ṣẹ́ ẹ, ó sì gún régé. Ká má purọ́, ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ó padà sókè, ó yọ èyí tó là, ó fi gọ́ọ̀mù bàbá rẹ̀ lẹ tuntun síbẹ̀, ó sì fi bírò pupa tó fi ń fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú ìwé kọ nọ́ńbà ilé sí i, ó tẹ orí ẹẹ́rin inú nọ́ńbà náà díẹ̀ sápá kan bí ẹnjiníà ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ó kó àfọ́ sínú bébà, ó lọ dà á nù lẹ́bàá ilé-ìwé, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí ẹnjiníà dé láti wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí gíláàsì, ó ní ilé yìí ń ṣe dáadáa. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ibi tí iná tọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ sí. Ó wúkọ́ díẹ̀. Ọ̀gá Kékeré rò pé inú rẹ̀ dùn ni.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, gíláàsì là. Ó gé òmíràn. Òjò kejì rọ̀, ó tún là. Ó tún gé òmíràn, lọ́tẹ̀ yìí ojú ibi tó sán ti fẹ̀ sí i, ó ní láti fi pọ́tì tí bàbá rẹ̀ fi ń de gíláàsì mọ́ fèrèsé dí i, kó tó fi eruku ògiri pa á. Ìgbà yẹn ni ohun tó ń ṣe tó wá yé e dáadáa. Gíláàsì kọ́ ló ń bá jà. Ògiri ló ń rìn, kò sì sí iye gíláàsì tó lè gé tó máa dá a dúró. Bó bá sọ, wọ́n á kó wọn jáde, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́ pé ọmọ aṣojú wọn purọ́. Bí kò bá sọ, ògiri ò dúró dè é. Ó ń jókòó ti ìwé rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlà, etí rẹ̀ wà lára ògiri. Ohun tó kà láàárọ̀, kò ní rántí rẹ̀ lọ́sàn-án. Nílé-ìwé, bí ẹnì kan bá gbá fèrèsé dé pà báyìí, á ta gìrì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdánwò ti yí i lórí.

Gíláàsì ilé Aránṣọ ló là tẹ̀ lé e. Aránṣọ yìí, obìnrin tó ń tọ́ ọmọ kéékèèké méjì, kò fi bò. Ó lọ sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ náà gan-an, ó sọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti gbé òpó igi dé, wọ́n sì ní kó kó jáde. Agẹrun na ìka sí òpó igi náà, ó ní, “Mo wí tàbí n kò wí? Ìgbáradì wíwó nìyẹn.” Ọ̀gá Kékeré gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

Ní ìpàdé, wọ́n béèrè ibi tí Aránṣọ lè máa gbé nítòsí títí wọ́n á fi parí. Ẹnjiníà ní inú ilé tí gíláàsì rẹ̀ ṣì wà lódidi nìkan ni, torí ọkàn òun balẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ojú sì yí sí Bàbá Onígíláàsì. Bí bàbá fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀ nílé nìyẹn, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ò rí ohun tóun lè fi kọ̀. Ọ̀gá Kékeré yóò lọ máa sùn lọ́dọ̀ Màmá Àgbà ní ìsàlẹ̀, Aránṣọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì gba yàrá òkè.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Nígbà tó jẹ́ òun nìkan ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ó ti fi sọ́kàn pé bó bá wó, òun ló wó lù. Kò rò ó kọjá ibẹ̀. Ní báyìí, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lókè orí rẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń mì tìtì, ó sì mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn wà lẹ́bàá ibi tó sán. Ó dọ́gbọ́n sọ fún Aránṣọ pé kó sún bẹ́ẹ̀dì sápá kejì, pé atẹ́gùn máa ń fẹ́ níbẹ̀. Aránṣọ dúpẹ́, ó ní ibi tó wà yìí ló ń rí ìmọ́lẹ̀. Kí ló tún kù tí yóò sọ?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èyí tó kéré nínú àwọn ọmọ náà fà á lọ́wọ́ wọ yàrá. Ó ti fi ìka hú pọ́tì kúrò lára ògiri, ó sì ń yọ̀ bí ẹni tó rí ìṣúra. “Wò ó,” ó ní, “ìka mi wọ ibẹ̀.” Ó ki ìka bọ inú ògiri, ó wọlé dé ìdí. Ọ̀gá Kékeré fà á sẹ́yìn kíákíá débi pé ọmọ náà bú sẹ́kún. Ọ̀gá Kékeré sọ̀kalẹ̀. Ó tọ bàbá rẹ̀ lọ.

Bàbá ń gé gíláàsì férémù lọ́wọ́. Ọ̀gá Kékeré dúró ní òdì kejì tábìlì, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá mi, gíláàsì tó wà lókè yẹn—”

“Mo mọ̀,” bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. Kò gbé orí sókè.

“Kí lẹ mọ̀?”

“Gíláàsì ẹnjiníà, etí rẹ̀ funfun. Èyí tó wà níbẹ̀, àwọ̀ etí rẹ̀ jọ ti ewé. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti jáde. Ọjọ́ tó tan tọ́ọ̀ṣì sí i ni mo ti rí i.”

Ẹnu ya ọmọ náà débi pé kò lè pa á dé. Gbogbo ọjọ́ tó ti fi ń dá gbé ẹrù yìí, bàbá rẹ̀ ń gbé ìdajì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsọ. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní kí ni kóun sọ? Ṣé kóun fi ẹnu ara òun sọ pé ọmọ òun purọ́, kí wọ́n wá gbé ìyá òun jáde nínú ilé tó bí òun sí? Òun tóun bẹ gbogbo òpópónà pé kí wọ́n fọwọ́ sí i, bí ilé òun bá kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀, ta ni yóò tún gba òun gbọ́? Àdéhùn á tú ká, ìjọba á lọ, ilé-iṣẹ́ á lọ, àdúgbò á sì máa jò lọ bó ṣe ń jò.

“Òjò ò ní pẹ́ dá,” ó wí. “Bí òjò bá dá, ògiri á gbẹ, á sinmi. Ọ̀gá Kékeré, mo bẹ̀ ọ́, ṣe sùúrù sí i.”

Bàbá rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ rí láyé. Ká ní ó pàṣẹ fún un ni, bóyá ì bá rọrùn láti bínú. Ó ní, “Ó dára, sà.” Ó gba ibẹ̀ jáde, ó dúró láàárín òpópónà, kò mọ ibi tó ń lọ. Ilé wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ́fíìsì wà níwájú rẹ̀, kò sì sí èyí tó lè wọ̀ nínú méjèèjì. Ó kàn dúró síbẹ̀ títí Agẹrun fi bi í bóyá ó sọ nǹkan nù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí tú, ariwo ṣọ́bìrì ló jí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, wọ́n ti ta okùn sílẹ̀, wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀. Ó wọ yúnífọ́ọ̀mù ní wàràwàrà, ó jáde lọ bi wọ́n. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan, ní gọ́tà ńlá ni. Ó ní àwọn ì bá gbé e gba apá kejì òpópónà, àmọ́ ilé-iṣẹ́ sọ fún àwọn pé gíláàsì ilé yìí kò tíì là láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ le, ó lè gbà á. “Ilé gidi ni bàbá yín ní,” ó wí, ó sì tún ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀.

Ọ̀gá Kékeré wo ihò náà. Ó gba ìdí ògiri yẹn lọ tààrà. Àwọn ọmọ Aránṣọ kò tíì jí. Ó yíjú, ó rí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbálẹ̀. Òun náà ti rí ihò. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Bàbá gbọn orí sí i díẹ̀, báyìí, bí ẹni tó ń sọ pé má lọ. Ọ̀gá Kékeré ti ṣe tán láti gbọ́ràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ yí padà. Ìgbà náà ló gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lókè, ikọ́ ọmọdé, níbi bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ó gba iwájú bàbá rẹ̀ kọjá, kò wò ó mọ́. Kí ó tó dé ìpẹ̀kun òpópónà, ó ti ń sáré. Ẹnjiníà ń so okùn bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó já wọlé.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ní kí wọ́n má gbẹ́lẹ̀ mọ́. Gíláàsì tó wà lára ògiri wa kì í ṣe tiyín. Èmi ni mo gé e. Tiyín ti là tipẹ́.”

Ẹnjiníà wò ó bí ẹni tí kò gbédè. Ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, omi sì ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin náà kò dúró parí okùn bàtà. Òun náà sáré, okùn ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pariwo sí àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n jáde nínú ihò. Wọ́n kó Aránṣọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìbora lọ́rùn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé Màmá Àgbà jáde.

Ẹnjiníà gun òkè lọ lóun nìkan, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé òun. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún pọ́tì àti eruku dé ọrùn ọwọ́, torí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wọ ògiri dé nìyẹn. Ó bi Ọ̀gá Kékeré pé nígbà wo ni gíláàsì kọ́kọ́ là. Ọmọ náà ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni. Obìnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé tó wà lódìkejì.

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Wọ́n ní ẹ ó kó wa lọ, a ò sì ní padà.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” Agẹrun wà láàárín àwọn tó pé jọ, ó rí nǹkan wò lókè òrùlé. Ẹnjiníà kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì. Ó ní ilé tí gíláàsì rẹ̀ bá kọ́kọ́ là ni ìjọba kọ́kọ́ ń gbé òpó lọ. Ohun tí àdéhùn sọ nìyẹn, ìdí tóun fi lẹ gíláàsì nìyẹn. Ilé tí kò bá là ni yóò gbẹ̀yìn. Àwọn òpó ilé Aránṣọ tí wọ́n ń wò yẹn, wọn kò fi wó o, òun ló mú un dúró, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa padà sínú ilé rẹ̀. Ó tún fi kún un pé ó yẹ kóun ti ṣàlàyé gbogbo èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun náà sì jẹ̀bi ìyẹn.

Bàbá ni ó béèrè ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀. “Ká ní ẹ mọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ là ńkọ́?”

“À bá ti gbé òpó tì í kí òjò tó dé,” ẹnjiníà wí. “Ì bá dúró, sà. Ní báyìí, mi ò lè fi èèyàn sábẹ́ rẹ̀ láti gbé òpó.”

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n sì ní láti bẹ̀ ẹ́ kó tó dìde kúrò níbẹ̀.

Wọ́n ti mọ òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ sí ẹni tó máa ń jiyàn lórí ohun gbogbo, dórí ibi tí wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ sí. Lórí èyí, wọn kò jiyàn. Ògiri yóò wá sílẹ̀, yàrá òkè á bá a wá, ṣọ́ọ̀bù náà á sì tẹ̀ lé e. Wọ́n lé gbogbo èèyàn jìnnà, wọ́n so okùn mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, wọ́n sì fà á. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n fà á. Ohun tó ti dúró kí wọ́n tó bí bàbá Màmá Àgbà kò dúró gba ìfà kejì. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, gbogbo òpópónà rí ibi tó wó sí. Ó wó sínú, ó bo ojú ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà.

Aránṣọ gbé ọmọ rẹ̀ kékeré sẹ́yìn, ó rìn wá bá Ọ̀gá Kékeré. Àwọn èèyàn rò pé ó fẹ́ dì mọ́ ọn ni. Ó dúró níwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá.

“Mo mọ̀ pé ìwọ lo sọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ mi ì bá ti kú. Wọ́n ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Mi ò lè dúpẹ́. O rí àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń sùn síbẹ̀, o sì mọ̀.”

Ọ̀gá Kékeré fẹ́ tọrọ àforíjì. Àmọ́ Aránṣọ ti kọjá lọ.

Wọ́n kó Ọ̀gá Kékeré àti àwọn ará ilé rẹ̀ lọ sí fúláàtì lẹ́yìn ìlú, ohun náà gan-an tó torí rẹ̀ purọ́ kó má baà ṣẹlẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ lọ sí ìpàdé, ó sọ pé òun mọ̀, òun sì pa á mọ́, ó sì fi àga sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó dìde. Àdéhùn kò tú ká bó ṣe bẹ̀rù. Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ilé wọn gba àga náà, ohun tó sì kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ wọ ilé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí gíláàsì wà fún. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan, ó tó ilé mẹ́ta tó jáde wá jẹ́wọ́ pé tàwọn náà ti là, pé àwọn fi aṣọ bò ó ni. Wọ́n gbé òpó tì wọ́n, wọ́n sì wà níbẹ̀ dòní. Ní ti ilé Bàbá Onígíláàsì, wọ́n ní bí owó bá ṣẹ́ kù nígbẹ̀yìn, àwọn á wò ó. Ọ̀gá Kékeré ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó ń wọ ọkọ̀ méjì kó tó dé ilé-ìwé tí agogo rẹ̀ máa ń jí i tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mi ò ní fi bò fún yín. Ìbẹ̀rù Ọ̀gá Kékeré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àwọn àgbà náà bẹ̀rù. Àìbéèrè ló kọ́kọ́ kó bá a, irọ́ ló sì tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó lè ràn án lọ́wọ́ bí ẹnjiníà tó lẹ gíláàsì yẹn, ojú ẹnjiníà yìí gan-an ló sì fi irọ́ bò. Bí nǹkan bá ti ń bàjẹ́ níwájú yín, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ bàbá yín ló ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dákẹ́.

Ní fúláàtì, Màmá Àgbà máa ń jókòó sídìí fèrèsé kan tí kò fẹ̀ tó ọwọ́, á máa wo fúláàtì tó kọjú sí tiwọn. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ló gbé ṣíbí sílẹ̀, tó bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ mọ̀.

“Èmi ni, Màmá,” Ọ̀gá Kékeré wí.

Bàbá rẹ̀, tí kò tíì bá a sọ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ láti ọjọ́ tí ògiri wó, gbé ojú sókè. “Àwa méjèèjì la mọ̀,” ó wí. “Òun ló sọ ọ́.”

Màmá Àgbà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́,” ó ní, ó sì gbé ṣíbí rẹ̀. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Òótọ́ ni.